Ojú Ńlá Tó Wà Láàárín

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tíì Mohideen ni iye ìka tó wà ní ẹsẹ̀ adìẹ. Sudalaimuthu ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ya adìẹ kan sára ilẹ̀kùn ẹni tó ń ta ẹyin lódìkejì ọ̀nà, ìka mẹ́ta ló sì yà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mohideen wo ilẹ̀kùn náà títí, ó ní:

"Muthu, adìẹ yìí, ṣé ọkọ̀ ló gbá a ni?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ìka rẹ̀ kan ti sọnù."

"Ti ẹ̀yìn nìyẹn. Ojú kì í rí ti ẹ̀yìn."

"Ojú tìẹ ni kì í rí i. Adìẹ tí èmi ti jẹ pọ̀ ju èyí tí ìwọ ti yà lọ."

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ń rẹ́rìn-ín. Sudalaimuthu ti la ẹnu láti fèsì nígbà tí rédíò ṣọ́ọ̀bù náà gé orin kan sí méjì. Ẹni tó ń ka ìròyìn kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òṣèré Nambirajan ti kú ní ìdájí ọjọ́ náà, nínú ilé rẹ̀ ní Chennai, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Mohideen ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn lọ́wọ́, láti òkè réré, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ife ìsàlẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lábẹ́ òkè, tíì náà sì ń dà sílẹ̀ ní gbọọrọ, kò sí ẹni tó sọ fún un.

Ní ìlú Melakurichi, a kì í pe Nambirajan ní orúkọ. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Nínú gbogbo eré rẹ̀, tálákà ni. Ó ṣe atukọ̀, ó ṣe bíríkìlà, ó ṣe apínlẹ́tà tó máa ń jókòó ka lẹ́tà fún àwọn ìyá tí kò mọ̀wé, tó sì máa ń fo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti burú. Bí ó bá fẹ́ kọrin ìfẹ́ fún ọmọbìnrin kan, yóò kọ́kọ́ bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti jẹun. Nígbà tí wọ́n pa á nínú eré kan, àwọn obìnrin ìlú wa kọ̀, wọn kò kúrò nínú ilé sinimá, àfi ìgbà tí onílé sinimá tún fi ìbẹ̀rẹ̀ eré náà hàn wọ́n, tí wọ́n rí i pé ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó gbà láti lọ sílé lọ dáná.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Sudalaimuthu fi ya ojú yìí sára pátákó ilé sinimá. Ó ti ya imú Ẹ̀gbọ́n tó ga ju ènìyàn lọ. Isakkiammal ìyàwó rẹ̀ ló máa ń po ọ̀dà, òun ló sì mọ iye pupa tó yẹ kó wọ inú àwọ̀ ilẹ̀ kó tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán ńláńlá dé láti ìlú ńlá, ohun tí Muthu ń fi ọ̀sẹ̀ méjì yà, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó mu tíì tán. Ilé sinimá náà tì. Ohun tó kù nínú gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ kò ju ògiri kan lọ: ògiri ìlà-oòrùn ilé sinimá náà, níbi tí ó ti ya ojú Ẹ̀gbọ́n sára símẹ́ǹtì ní ọdún tí eré atukọ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ti wá wò ó nígbà kan. Ó dúró lábẹ́ rẹ̀, ó kawọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Èyí dára jù mí lọ. Kí ó máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, kí n lè sùn."

Ògiri yìí ni ìtàn wa dá lé. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́.

Pandidurai ni alága ìgbìmọ̀ ìlú wa nígbà náà. Mo mọ̀ pé ìlú tẹ̀yin náà ní alága, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má fi tiyín wé tiwa. Bí Pandidurai bá sín, Gnanam akọ̀wé rẹ̀ á kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi tuntun ní àdúgbò àwọn ahunṣọ, ó sọ̀rọ̀, Gnanam sọ̀rọ̀, ó tún dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Gnanam. Nígbà tí wọ́n máa fi tú ẹ̀rọ náà, wákàtí kan ṣoṣo tí omi fi ń wá lójúmọ́ ti kọjá, afẹ́fẹ́ ló yọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún afẹ́fẹ́ náà. Ó tún ní kí wọ́n lẹ àwòrán ojú òun mọ́ gbogbo garawa ìdọ̀tí ìlú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó da ìdọ̀tí sílẹ̀ mọ́ ní Melakurichi. Tọkàntọkàn ni tọmọdé tàgbà fi ń jù ú síbi tó yẹ.

Nígbà tí ikú Ẹ̀gbọ́n ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ọdún kan, àwa olólùfẹ́ rẹ̀ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Mohideen, nítorí òun ni olórí wa. A pinnu pé Muthu yóò fi ọwọ́ ya pátákó ìrántí kan, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. A ó gbé e dúró ní oríta ibùdókọ̀, a ó fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, a ó da wàrà sí i lórí bí a ti máa ń ṣe nígbà tí eré rẹ̀ tuntun bá jáde, a ó sì bu ìrẹsì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí alága. Ó ránṣẹ́ pe Sudalaimuthu sí ọ́fíìsì.

"Nambirajan kú," ni Pandidurai fi bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òrùlé. "Gbogbo ilẹ̀ Tamil sunkún. Mo bi ara mi léèrè, mo ní, Pandidurai, ta ló wá kù? Ọkàn mi dá mi lóhùn. Ó ní, ìwọ lo kù."

"Òtítọ́ gidi ni ọkàn alága sọ," ni Gnanam wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ ti ra ilé sinimá yẹn. Ogún iṣẹ́ ńlá ni mo ti ṣe fún ìlú yìí, kò sì sí ògiri tó fẹ̀ tó láti gba àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀, àfi ti ìlà-oòrùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á fi ẹfun bò ó."

Sudalaimuthu di àga mú. "Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ògiri mẹ́ta ló kù. Ẹ mú èyíkéyìí. Ojú Ẹ̀gbọ́n ló wà lára ìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń wò ó."

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọdé ní ohun dídùn. "Ṣùgbọ́n aláàánú ni mí. Mo gbọ́ pé o fẹ́ ya pátákó. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Chennai fẹ́ràn àwòrán ọwọ́. Bí o bá yà á bí mo ti fẹ́, ògiri rẹ á wà níbẹ̀. Fi bí o ṣe fẹ́ yà á hàn mí."

Muthu tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì. Ojú Ẹ̀gbọ́n ló gba gbogbo àárín. Nísàlẹ̀ ni ojú àwọn ará ìlú tò sí, wọn kò ju ẹyọ owó lọ: Mohideen, àwọn olólùfẹ́, àti alága ní ìparí ọ̀wọ́.

"Ta ni eléyìí tó dà bí ẹ̀wà?"

"Ẹ̀yin ni, Alága."

Gnanam gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀.

"Gbé mi wá sí àárín," ni Pandidurai wí. "Fi Nambirajan síbi tí mo wà yẹn."

"Alága, ẹ má bínú," ni Sudalaimuthu wí. "Pátákó òkú nìyí. Ẹ mọ bí a ṣe ń kà á nílẹ̀ wa. Ká tó wẹ òkú tán ni pósítà rẹ̀ ti máa ń wà lára gbogbo ògiri. Ojú ńlá tó wà láàárín, òkú nìyẹn. Àwọn kékeré tó wà nísàlẹ̀, àwọn ló ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá ti mọ ẹni tó kú láti inú bọ́ọ̀sì. Bí mo bá fi yín sáàárín..."

"Ṣé kí èmi Pandidurai wà ní kékeré kí inú àṣà lè dùn ni?"

"Àṣà ló yẹ kó máa tẹ̀lé alága," ni Gnanam wí. "Alága kọ́ ló yẹ kó máa tẹ̀lé àṣà."

Muthu tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kó ya ìmọ́lẹ̀ yí orí alága ká. Ó ní, "Ọdún tí wọ́n bí Ẹ̀gbọ́n àti ọdún tó kú wà lábẹ́ ojú àárín, ṣé kí n pa ìyẹn rẹ́?" Alága ní kó fi sílẹ̀, pé nọ́mbà máa ń fi iyì kún ènìyàn. Òdòdó ńkọ́? Alága ni kí wọ́n fi kọ́. Wàrà ńkọ́? Kí wọ́n da á sí alága lórí.

Nígbà tí Muthu délé, Isakkiammal ti jókòó ti ìkòkò ọ̀dà.

"Bàbá Kanagam, ṣé ẹ sọ fún un?"

"Mo sọ fún un."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Isakkiammal fa ìkòkò ọ̀dà mọ́ra. "Ẹni tí a ní kó má kó sí kòtò, tó ní ká gbẹ́ ẹ kó jìn sí i, ẹ jẹ́ ká bá a gbẹ́ ẹ dáadáa. Pupa mélòó ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń fẹ́?"

"Púpọ̀."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ṣiṣẹ́ náà, kò sì rẹ́ ẹ jẹ rárá. Ó ya Pandidurai tí ó dán, tí ó tóbi, tí ojú rẹ̀ gbé sókè sí ọ̀run. Ìgbà tó kan Ẹ̀gbọ́n nísàlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn tó wà ní ọ̀wọ́ yẹn, ẹkún ni wọ́n ń sun. Ó gbìyànjú láti fi omi sí ojú Ẹ̀gbọ́n, kò lè ṣe é. Ó fi ẹ̀rín kékeré rẹ̀ sílẹ̀ fún un, èyí tí gbogbo wa mọ̀, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu òsì.

Alága tún gbé ohun kan jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbohùngbohùn fi ń ké kiri ìlú pé nítorí ìfẹ́ tí alága ní sí olóògbé, ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ní ọjọ́ ìrántí, òun kò ní í sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìlà oòrùn títí di wíwọ̀ rẹ̀. Ìlú gbọ́, wọ́n sì dúpẹ́. Àwọn kan bi wá bóyá a kò lè máa ṣe ìrántí Ẹ̀gbọ́n lóṣooṣù.

Ọjọ́ náà pé, Sátidé ni. Wọ́n gbé pátákó dúró ní oríta ní kùtùkùtù. Gnanam gun àkàsọ̀, ó fi òdòdó kọ́ ojú ńlá náà lọ́rùn, ó da ìkòkò wàrà kan sí i lórí, ó tan fìtílà sísàlẹ̀ rẹ̀. Alága wò ó, ó mi orí, kò sọ̀rọ̀. Ó lọ sílé lọ fi òróró para bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Gnanam ti fóònù alága mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí ẹ̀jẹ́ má baà bàjẹ́.

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń lọ sí àwọn abúlé kọjá ní aago méje ààbọ̀. Mohideen ló wà nínú rẹ̀, ó ń lọ gba ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun ló sì ròyìn rẹ̀ fún wa.

"Áà, Pandidurai ti kú," ni obìnrin kan wí, ó sì mú ọwọ́ lé àyà.

"Nígbà wo? Mo rí i lánàá."

"Wọ́n ti da wàrà sí i. Ọjọ́ kejì tí a bá sun òkú là ń da wàrà sí eérú. Ó ti lọ pátápátá."

Ọkùnrin kan tó mọ̀wé na ọrùn. "Ẹ wo nọ́mbà ìsàlẹ̀. Èṣí ló kú."

"Èṣí kẹ̀? Ta ló wá ń ṣe alága láti ìgbà náà?"

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ṣé ẹ rí ohun kankan tí wọ́n ṣe?"

Gbogbo bọ́ọ̀sì mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn.

"Ẹ tún wo Ẹ̀gbọ́n Nambirajan nísàlẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ó ti wá pàdé rẹ̀ lọ́nà."

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí Mohideen kò la ẹnu. Ó sọ fún wa pé ẹnu òun kún fún ẹ̀wà yíyan ni.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, àwọn ọlọ́jà ti fa ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ bí a ti ń ṣe fún òkú àgbà. Àwọn ẹbí alága ti dé láti abúlé pẹ̀lú ọparun àti imọ̀ àgbọn tútù tí a fi ń di àga òkú, inú sì ń bí wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ti sun ènìyàn wọn láìsọ fún wọn. Ìyá àgbà Vellaiyammal, àbúrò ìyá alága, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, kó àwọn obìnrin jókòó yíká sí àgbàlá, wọ́n na ọwọ́ lé èjìká ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ arò. Òun ló ń dá a, àwọn yòókù ń gbè é:

"Ọmọ tí mo gbé jó, tó wúwo bí àpò iyọ̀,
ó ṣí ẹ̀rọ omi fún wa, a mu afẹ́fẹ́ yó.
Ó ní òun á gbẹ́ gọ́tà, ó gbẹ́ ọ̀rọ̀,
ọ̀rọ̀ náà kún, òjò dé, ó gbé ewúrẹ́ wa lọ.
Pandi, ta ni yóò sọ fún wa báyìí
pé ohun tí a kò rí ti wà?"

Pandidurai gbọ́ orin láti inú ilé ìwẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ti Nambirajan ni. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó dáwọ́ òróró dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Bí ó ti ń gbọ́ dáadáa ni ìdùnnú rẹ̀ ń dín kù. Ó so aṣọ funfun mọ́ ìdí, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ara rẹ̀ ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Ó pa ọwọ́ pọ̀ sí àyà, ó bojú wolẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n dá arò dúró. Àwọn kan fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà láìyí padà. Ìyá àgbà nìkan ló jókòó síbẹ̀.

"Pandi," ni ó wí, "bí o bá ti kú, máa lọ. Bí o kò bá tíì kú, sọ̀rọ̀."

Alága tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, ó mi orí, ó tọ́ka sí oòrùn.

"Ó ní wọ́n ti di òun lẹ́nu," ni Ìyá àgbà túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù. "Ó sì fẹ́ gba ọ̀run lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe kíá."

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọparun ni ẹ̀jẹ́ já. "Èmi ò kú," ni Pandidurai wí. Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ tó tíì sọ ní gbangba nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Wọ́n sáré lọ ṣí dúrọ́ọ̀. Ìpè mọ́kànlélógójì ló wà lórí fóònù náà, mẹ́sàn-án nínú wọn láti Chennai. Alága pe ilé ẹgbẹ́. Gbogbo wa tó wà ní àgbàlá gbọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ fún òróró, ó sì gbé fóònù náà sórí àga, ó jẹ́ kí ohùn inú rẹ̀ máa jáde síta.

"Èmi Pandidurai ni. Ẹ sọ fún Olórí pé mo wà láàyè."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀," ni ohùn kan dáhùn. "Aago mẹ́wàá ni Olórí ti sunkún yín lórí tẹlifíṣọ̀n."

"Àṣìṣe ni."

"Ta ló ṣe àṣìṣe? Ṣé Olórí ni?"

Ogún ọdún ni Pandidurai fúnra rẹ̀ ti fi ń pariwo lórí pèpéle pé Olórí kì í ṣe àṣìṣe.

"Olórí ti fi igbákejì yín, Arábìnrin Deivanai, sí ipò yín. Omijé Olórí ti bọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ ká ní irọ́ ni omijé náà?"

"Rárá o," ni Pandidurai wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹni rere lẹ jẹ́ nígbà ayé yín," ni ohùn náà wí, ó sì pa fóònù.

Ẹni tí inú ń bí máa ń wá ẹni tí apá rẹ̀ ká. Ní aago méjì ọ̀sán, Pandidurai fọwọ́ sí ìwé kan pé kí wọ́n fi ẹfun bo ògiri ìlà-oòrùn lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta dé pẹ̀lú korobá ẹfun àti àkàsọ̀, Sudalaimuthu ti wà níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Bàbá, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan," ni olórí òṣìṣẹ́ wí. Ojú ń tì í. Òun náà ti sunkún ní eré apínlẹ́tà.

"Ó ní bí mo bá ya tòun, òun á fi í sílẹ̀. Mo yà á. Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára, Bàbá. Ó dára débi pé ìyá mi ti fárí fún ọ̀fọ̀ rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Muthu bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ níkẹyìn, kì í ṣe pé ó gbà, apá rẹ̀ ni kò ká wọn. Ó yí padà, ó sì gbójú sókè wo àwòrán náà, bí ènìyàn ti máa ń wo ojú ọkọ̀ tó ń gbé ẹni rẹ̀ lọ. Isakkiammal di apá rẹ̀ mú. Òṣìṣẹ́ kan ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ẹfun, ó ti gun àkàsọ̀ dé ìdajì.

Arábìnrin Deivanai dé lórí alùpùpù rẹ̀ kékeré. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì máa ń wo gbogbo ìwé bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò fa igi pupa sí. Ó gba ìwé náà.

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Pandidurai, Màdáàmú."

"Aago mélòó?"

"Aago méjì."

"Aago mẹ́wàá ni Olórí ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀." Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò. "N kò lè jẹ́ kí òkú máa fọwọ́ sí ìwé ní ìlú tí mo ń darí. Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi, kó o má baà ṣubú. Muthu, ẹ jókòó."

A bu ìrẹsì sórí ewé níbẹ̀, lábẹ́ ògiri, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹun lójú pátákó tó wà ní oríta. Àwọn òṣìṣẹ́ jẹ, àwọn ẹbí olóògbé tí kò kú náà jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹun tán ń sọ ibi tó fẹ́ràn jù nínú eré Ẹ̀gbọ́n. Ìyá àgbà Vellaiyammal ní òun kò rántí eré kankan dáadáa, pé ohun tí òun mọ̀ ni pé lọ́dún tí ọkọ òun kú, àwọn ọmọ òun gbé òun lọ sí sinimá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan sì wà lójú aṣọ funfun tó ń bi obìnrin kan bóyá ó ti jẹun. "Mo dá a lóhùn," ni ó wí. "Mo ní mi ò tíì jẹ nǹkan kan. Mo délé, mo jẹun." Sudalaimuthu gbọ́ ọ, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì pẹ́ kó tó yí i padà.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Pandidurai wà, ara rẹ̀ le. Ó máa ń wá mu tíì ní ṣọ́ọ̀bù Mohideen, ó sì ti ń di ẹni tí ènìyàn lè bá jókòó. Lóṣooṣù ló ń kọ̀wé sí Chennai láti fi hàn pé òun wà láàyè. Èsì kì í pẹ́ dé, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí àwọn ẹbí olóògbé.

Isakkiammal kú lọ́dún tó kọjá. Sudalaimuthu kò lè gun àkàsọ̀ mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí a ṣe ń po ọ̀dà náà. Ògiri ìlà-oòrùn ṣì dúró. Òjò ti ṣí ọ̀dà kúrò ní etí kan, ó sì ti mú lára ọrùn. Ojú Ẹ̀gbọ́n méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.